Pulọ́ọ̀gì Kẹrin

"Ẹ dúró ná, Bàbá Ìbùkún! Ẹ má tíì nù ún. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò ó."

Kíkẹ́lọmọ ti na ọwọ́ kí ẹnikẹ́ni tó dá a lóhùn. Ẹ̀yínadé mẹkáníìkì, tí gbogbo Àràmọkọ ń fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè ní Bàbá Ìbùkún, wo ọmọbìnrin náà láti òkè délẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì gbé àkísà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó to pulọ́ọ̀gì mẹ́rin, irin kékeré tí í tanná sínú ẹ́ńjìnnì, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú lára pikọ́ọ̀pù sórí pákó kan, lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Wò ó dáadáa," ó ní. "Ojú rẹ ríran ju tèmi lọ."

Kíkẹ́lọmọ ò bá a rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ó ń múra àtiwọ kíláàsì àṣekágbá, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Òjó bàbá rẹ̀ ló ni ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n Òjó ti jìn sí kòtò lóko ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n ti fi P.O.P. di ẹsẹ̀ rẹ̀, orí bẹ́ẹ̀dì ló wà nílé wọn ní Ìkòrò. Láti orí bẹ́ẹ̀dì náà ló ti kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ láàárọ̀ Sátidé yìí pé, "Kíkẹ́, dúró ti mẹkáníìkì gbọn-in. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Má jẹ́ kí ojú rẹ kúrò lára ẹ́ńjìnnì yẹn."

Ìyá rẹ̀ ló wa ọkọ̀ náà wá, tó ń ta gìjà gìjà lójú ọ̀nà bí ẹṣin tí agbọ́n ta. Bó ṣe já ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ ló ti gun ọ̀kadà padà sóko. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ ni. Lánàá ni àwọn alágbàṣe fa gbogbo ẹ̀gẹ́ oko wọn tu, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló sì wà nínú oòrùn. "Ẹ̀gẹ́ kì í ṣe uṣu," ìyá náà ti wí kó tó lọ. "Uṣu á dúró dè ọ́. Ẹ̀gẹ́ ò mọ ìdúró. Bí a ò bá kó o lónìí, ó dọjọ́ Ajé, nítorí ọ̀la jẹ́ ọjọ́ Olúwa. Tó bá fi di ọjọ́ Ajé, inú rẹ̀ ti dúdú." Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ lọ kó tó kó o tán, kò sì sí awakọ̀ mìíràn tó ń gbà láti gba odò kékeré ọ̀nà oko wọn kọjá. Ilé gàrí wọn, oúnjẹ wọn, owó ilé ìwé Kíkẹ́lọmọ fúnra rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lóko tó ń retí pikọ́ọ̀pù.

Kíkẹ́lọmọ bẹ̀rẹ̀ sórí pákó náà. Orí mẹ́ta nínú àwọn pulọ́ọ̀gì náà pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí èèpo ẹ̀pà sísun, orúkọ kan náà ló sì wà lára wọn. Èyí kẹrin dúdú kirikiri, òróró bò ó, orúkọ mìíràn gbáà ni wọ́n kọ sí i.

Ó rántí ọjọ́ tí wọ́n ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́dún tó kọjá. Bàbá rẹ̀ ò rí lẹ́tà wíńníwínní kà, òun ló ka orúkọ ara wọn fún un, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orúkọ kan náà ló wà lára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ta ló wá yọ ọ̀kan, tó fi òkú pulọ́ọ̀gì rọ́pò rẹ̀?

"Hàà," Ẹ̀yínadé náà ní, ó ń họ orí. "Ta ló fi eléyìí síbí?"

Kíkẹ́lọmọ gbé ojú sókè wò ó. Nínú ọkàn rẹ̀ ó ní, "Ẹ gbọ́ ọ! Ẹni tó jẹ ẹran ló tún ń wá egungun." Láti oṣù méjì sẹ́yìn, kò sí ẹlòmíràn tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ yìí lójú rẹ̀ yàtọ̀ sí Ẹ̀yínadé, nígbà tó pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀. Kò béèrè nǹkan kan. Ó kàn di ọ̀rọ̀ náà sínú bí ẹni di owó sí etí ìró.

Ẹ̀yínadé ní àwọn mẹ́ta yòókù náà ti jẹ tán lẹ́nu, kí wọ́n kúkú pààrọ̀ gbogbo wọn pọ̀. Ó kọ nọ́ńbà kan sára ìwé pélébé, ó mú ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó jọra lé e lọ́wọ́. "Mú un dání fún àpẹẹrẹ. Lọ bá Stephen tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Má lọ síbòmíràn o."

Má lọ síbòmíràn. Kí ló dé?

Olúwatóbi, ọmọ kíláàsì rẹ̀, pàdé rẹ̀ lọ́nà. Tóbi ni ọmọkùnrin tó mọ gbogbo nǹkan tán, tí kò sì tíì tọwọ́ bọ ọ̀kan rí. Kíkẹ́lọmọ ṣàlàyé fún un, Tóbi sì fò sókè.

"Àwọn mẹkáníìkì! Ẹgbẹ́ olè ni wọ́n. Òun ló ń rán oníbàárà sí Stephen, Stephen náà á sì fún un lówó lábẹ́lẹ̀. Wò ó, bí a bá débẹ̀, wàá rí i."

Wọ́n débẹ̀, wọ́n sì rí i. Stephen wà lórí fóònù. "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá Ìbùkún," ló ń wí. "Ọmọ Òjó. Mo ti gbọ́. Mo máa ṣe é bí ẹ ṣe wí." Bó ṣe rí wọn, ó yára pa fóònù náà.

Tóbi fi ìgúnpá gún Kíkẹ́lọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ojú Kíkẹ́lọmọ kéré.

Stephen bọ́ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó gbé páálí kan jáde tí eruku bò bí ìgbà tí wọ́n hú u nínú ilẹ̀. Ó fẹ́ eruku náà dànù. "Èyí ni ọkọ̀ yín mọ̀, ọmọ mi. Nọ́ńbà rẹ̀ rèé, ó bá ti inú ìwé yín mu." Ó dá owó lé e. Owó náà kéré sí èyí tí ìyá rẹ̀ ti fọkàn sí, ó kéré dáadáa.

Ibẹ̀ gan-an ni ìfura Kíkẹ́lọmọ ti ta gbòǹgbò. Stephen tí kì í dín kọ́bọ̀ fún bàbá rẹ̀, kí ló mú un tà á ní pọ́ọ́kú lónìí? Ojúlówó ọjà kì í wá olùrà bẹ́ẹ̀ yẹn. Ayédèrú ni, wọ́n fẹ́ tì í sọ́wọ́ ọmọdé.

"Mò ń bọ̀, sà," ó ní, ó sì jáde.

"O káre!" Tóbi ní. "Ọkùnrin kan wà ní gáréèjì, Àkúrẹ́ ló ti ń kó ọjà wá. Tiẹ̀ ń dán bíi dígí."

Lóòótọ́ ni wọ́n ń dán. Ọkùnrin náà pàtẹ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀, páálí pupa, páálí aláwọ̀ ewé, lẹ́tà wúrà lára wọn. Ó gba àpẹẹrẹ lọ́wọ́ Kíkẹ́lọmọ, ó gbé orí rẹ̀ ti orí tuntun. "Ṣé o rí i? Orí kan náà, sípánà kan náà. Pulọ́ọ̀gì ni pulọ́ọ̀gì ń jẹ́." Nígbà tó dárúkọ owó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti Stephen. Kíkẹ́lọmọ sì san án tayọ̀tayọ̀. Ẹni tó bá ń fura sí ohun tó pọ́ọ́kú, ohun tó bá ti wọ́n ló máa ń gbà gbọ́. Báyìí ni wọ́n ṣe ń jẹ ọlọ́gbọ́n níyà nígboro.

Nígbà tí òun àti Tóbi padà dé, Ẹ̀yínadé ṣí páálí àkọ́kọ́, ó gbé pulọ́ọ̀gì tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àtijọ́, ó sì mi orí.

"Ibo lo ti ra eléyìí?"

"Ní ibi tí wọ́n ti ń tà á."

"Kíkẹ́, eléyìí gùn jù. Wo ìdí rẹ̀ níbí, ibi tó ní ìlà yípo yípo, tí à ń yí wọ inú irin. Bí mo bá yí i wọlé, á yọ sísàlẹ̀. Nígbà tí písítìnì tó ń lọ sókè sílẹ̀ nínú rẹ̀ bá gòkè, á gbá a lórí. Ọjọ́ náà ni ẹ́ńjìnnì yín kú. Dá a padà kíákíá kí ọkùnrin náà tó lọ. Lọ bá Stephen."

"Stephen!" Kíkẹ́lọmọ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Mo mọ̀! Mo mọ̀ pé Stephen lẹ máa dárúkọ. Mélòó ló ń fún yín lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan?"

"Kí lo wí?"

"Fóònù tí ẹ pè ńkọ́? Mo gbọ́ ọ! Mi ò ra ọjà lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ fẹ́, pulọ́ọ̀gì mi wá di èyí tó gùn. Ká ní Stephen ló tà á, á ti kúrú ni?"

Tóbi ti gba fóònù ọwọ́ Kíkẹ́lọmọ, ó gbé e sókè, iná pupa fídíò ti ń ṣẹ́jú. "Sọ ọ́, Kíkẹ́! Sọ ọ́ fún wọn!"

Ọ̀rọ̀ tí ó dì sínú láti àárọ̀ bá tú. "Mẹ́rin ni bàbá mi fi síbẹ̀, orúkọ kan náà! Ta ló yọ ìkẹrin tó fi èyí tó ti kú rọ́pò rẹ̀? Ta ló ṣí ẹ́ńjìnnì yìí bí kò ṣe ẹ̀yin? Bàbá mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀ ń jà á lólè! Olè ni yín, Bàbá Ìbùkún! Olè tó ń fi pẹtiróòlù fọwọ́!"

Panẹ́bítà tó ń lu irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì gbé òòlù dúró sí afẹ́fẹ́.

Ẹ̀yínadé ò pariwo. Ó kàn wo ọmọbìnrin náà títí, bí ẹni tó ń wá ojú ẹni tó mọ̀ láàárín èrò. "Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ nílùú yìí," ó ní nígbẹ̀yìn. "Ẹnìkan ò pè mí bẹ́ẹ̀ rí." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwọn àtijọ́ padà sáyè wọn. "Bí mo ṣe bá a ni màá ṣe fi í sílẹ̀. Mú àpẹẹrẹ tí mo fún ọ wá."

"Ẹ̀rí ni! Mi ò ní fún yín."

"Ó dáa." Ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. Ó fa àkísà pupa kan yọ lápò, ó so ó mọ́ dígí ẹ̀gbẹ́ pikọ́ọ̀pù náà, ó sì lọ jókòó síbi tí ó ti kọ ẹ̀yìn sí wọn. Láàárín àwọn mẹkáníìkì agbègbè náà, àkísà pupa lára dígí ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo: ẹjọ́ wà lára ọkọ̀ yìí, kí ẹnikẹ́ni má ṣí i títí ẹjọ́ náà á fi parí.

Kíkẹ́lọmọ ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lójú rẹ̀, ó dà bíi pé òun ti gba orílẹ̀-èdè là.

"Gbé e sí sítátọ́ọ̀sì," Tóbi ní, ó fún un ní fóònù rẹ̀. "Báyìí! Kí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n."

Àtàǹpàkò rẹ̀ dúró díẹ̀ lókè gíláàsì fóònù náà. Nǹkan kan nínú rẹ̀ ní, bi í ná, bi bàbá rẹ ná. Ṣùgbọ́n Tóbi ń wò ó, ta ló sì fẹ́ kí Tóbi pe òun ní ojo? Ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ fídíò náà pé, "Ẹ ṣọ́ra fún mẹkáníìkì yìí ní Àràmọkọ. Olè ni." Ó tẹ̀ ẹ́. Fídíò náà lọ.

Mẹkáníìkì kejì tí wọ́n lọ bẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà bá wọn dé ìdí ọkọ̀, ó rí àkísà pupa, ó sì kó ọwọ́ sápò. "Ọmọ mi, ẹ lọ parí ẹjọ́ yín ná." Ẹ̀kẹta ò tilẹ̀ dìde lórí àga. "Ṣé kì í ṣe ìwọ lo wà nínú fídíò yẹn? Má wá fi tèmi ṣe apá kejì o. Máa lọ."

Fídíò! Kò tíì pé wákàtí kan. Kíkẹ́lọmọ ṣí fóònù rẹ̀, ó rí i pé àwọn èèyàn ti gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Àǹtí kan ti fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ ní Ìjerò, ẹnìkan sì ti fi í síbi tí àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ti ń sọ̀rọ̀. Oòrùn ti dé àárín orí. Lóko, ẹ̀gẹ́ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká fúnra wa yí i wọlé," Tóbi ní. "Mo ti wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí fóònù. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Àwọn tó ń lẹ táyà níwájú yẹn ní sípánà, mo lè yá a."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Kíkẹ́lọmọ létí. Ó jókòó sí ẹ̀yìn pikọ́ọ̀pù, ó mú pulọ́ọ̀gì tuntun kan sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì mú èyí tó pè ní ẹ̀rí jáde lápò, ó gbé wọn ti ara wọn. Orí dọ́gba. Ọrùn dọ́gba. Ṣùgbọ́n ìdí tuntun náà yọ síta ju ti àtijọ́ lọ, ó tó ìbú èékánná ìka kékeré. Ó yí wọn padà. Ó dì wọ́n mú ṣinṣin. Bó ṣe wù kó gbé wọn, èyí tuntun ló gùn jù.

"Tóbi, ó gùn lóòótọ́."

"Kékeré yẹn? Kí ni kékeré yẹn máa ṣe?"

"Á pa ẹ́ńjìnnì, ni wọ́n wí."

"Ta ló wí? Olè ló wí!"

Ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló di ẹ̀rí náà mú. Ọkùnrin tó pè lólè ti sọ òtítọ́ kan. Bí òtítọ́ kan bá wà lẹ́nu rẹ̀, ṣé kò lè jẹ́ méjì? "Rárá," ó ní. "A ò ní yí i wọlé."

"O dẹ̀ máa lọ bẹ olè?" Tóbi pòṣé. "Ẹ̀rù ló ń bà ọ́. Mo ń lọ jẹun." Ó sì lọ. Ẹni tó ń ti èèyàn sódò, etí odò ni tiẹ̀ máa ń mọ.

Kíkẹ́lọmọ pe bàbá rẹ̀. "Bàbá mi, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan. Pulọ́ọ̀gì mẹ́rin tá a rà lọ́dún tó kọjá, ìkẹrin ò sí níbẹ̀ mọ́. Èyí tó ti kú ló wà níbẹ̀."

Bàbá náà rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìyá rẹ wà nítòsí?"

"Rárá, sà."

"Èmi ni mo yọ ọ́."

"Ẹ̀yin!"

"Oṣù kan sẹ́yìn, lórí òkè Ẹ̀fọ̀n. Mo bá awakọ̀ kan tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó kó àwọn akọrin tó ń lọ síbi òkú, ọ̀kan nínú pulọ́ọ̀gì rẹ̀ ti kú, ọkọ̀ rẹ̀ ò lè gun òkè. Kíkẹ́, àwa tí à ń gba òkè yẹn, a kì í rí ẹni tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ká kọjá lọ. Mo yọ ọ̀kan fún un, mo fi òkú tirẹ̀ dí ojú ihò. Mẹ́ta tó kù gbé mi délé. Ó ní òun á dá a padà. Ìwọ náà ń wo bó ṣe dá a padà."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Ta ni màá sọ fún? Ìyá rẹ ló ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. O mọ ẹnu ìyá rẹ. Ibẹ̀ náà ni ìwọ ti jogún tìrẹ. Ṣé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀?"

Kíkẹ́lọmọ pa fóònù náà. Ó wo fídíò ara rẹ̀, ọmọbìnrin kan tó ń na ìka sí àgbàlagbà lójú, ó sì pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n a kì í ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn tí àgbò ti jáde kó padà wọlé fúnra rẹ̀. Ó ti wà nínú fóònù àwọn ẹlòmíràn.

Ọ̀kadà kan dúró. Ìyá rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ oko lẹ́sẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Ó rí àkísà pupa. Kò ní kí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀.

"Ìyá Rachael inú ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ ti pè mí láti ṣọ́ọ̀ṣì," ó ní. "Mo ti wò ó. Ṣé ó jí i lóòótọ́?"

"Rárá, mà. Bàbá mi ló yọ ọ́ fún awakọ̀ kan."

Obìnrin náà di ojú, ó là á. Ó ṣe bíi pé ó fẹ́ sọ nǹkan nípa ọkọ rẹ̀, ó gbé e mì. "Ti bàbá rẹ á dúró dilé. Ìwọ, ibi tí o ti bọ́ Bàbá Ìbùkún láṣọ ni wàá ti fi aṣọ bò ó. Níwájú gbogbo wọn. Ó yá."

Nígbà tí wọ́n dé ibi tí Ẹ̀yínadé jókòó sí, ọkùnrin arúgbó kan ló wà níwájú rẹ̀, fìlà funfun lórí, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́. Olórí ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni, Bàbá Adérìnsọ́lá ará Ìlòrò. Ọkọ̀ méjì ló ní, ọdún kẹsàn-án rèé tí Ẹ̀yínadé nìkan ti ń bá a tún wọn ṣe.

"Ẹ̀yínadé, mi ò bá ọ jà," bàbá náà ń wí. "Ṣùgbọ́n wọ́n fi nǹkan kan hàn mí. Màá kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ mi ná."

"Ẹ̀yin náà, sà?"

"Màá kọ́kọ́ gbé e ná."

Bàbá Adérìnsọ́lá gbé ọkọ̀ rẹ̀, ó sì lọ. Ẹ̀yínadé dúró, ó ń wo eruku tó gbé sílẹ̀. Àárín eruku náà ni Kíkẹ́lọmọ kúnlẹ̀ sí.

"Bàbá Ìbùkún, mo puró mọ́ yín." Ó gbé ohùn sókè kí panẹ́bítà àti gbogbo àwọn tó ń wò lè gbọ́. "Bàbá mi ló yọ pulọ́ọ̀gì náà. Ẹ ò jí nǹkan kan. Tuntun tí mo rà sì gùn lóòótọ́, mo fojú ara mi wọ̀n ọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

"O mọ̀ báyìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Láàárọ̀ ńkọ́? Ṣé o bi mí? Ṣé o bi bàbá rẹ?"

Kíkẹ́lọmọ mi orí. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ náà kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìgbà náà ni Ẹ̀yínadé fò síwájú. "Ìyá Kíkẹ́, ẹ dìde, ẹ dìde! Ẹ̀gẹ́ kò bú mi. Mo máa tún ọkọ̀ ṣe." Ó yíjú sí ọmọbìnrin náà. "Ṣùgbọ́n orúkọ mi tí o fọ́n ká, mi ò ní sípánà tí mo lè fi kó o jọ. Ìwọ lo máa lọ ṣà á."

Ó tú àkísà pupa náà. Wọ́n ránṣẹ́ pe Stephen, Stephen sì gbé páálí eléruku náà wá fúnra rẹ̀. "Mo kúkú ti dín in láti àárọ̀," ó ní, ó ń wo Kíkẹ́lọmọ bí ẹni tí kò mọ ohun tó ń ṣe é. "Bàbá Ìbùkún ló pè mí. Ó ní Òjó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, kí n má jẹ èrè kankan lórí rẹ̀, kí ìyàwó rẹ̀ rí nǹkan kó ẹ̀gẹ́."

Kíkẹ́lọmọ tẹrí ba. Bí ilẹ̀ bá là lásìkò yẹn, á wọ inú rẹ̀.

Ẹ̀yínadé fi àwọn ti Stephen sáyè wọn. Ìyá Kíkẹ́lọmọ yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì náà dún, kò ta gìjà gìjà mọ́. Ṣùgbọ́n aago mẹ́rin ti kọjá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n rí lọ kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí kò sí ẹni tó ń wa ọkọ̀ gba odò náà lókùnkùn. Ìdajì tó kù sùn síta ní Sátidé, ó sùn síta lọ́jọ́ Ìsinmi. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìyá rẹ̀ bu ẹ̀gẹ́ kan sí méjì, ó gbé e síwájú rẹ̀. Ìlà dúdú ti là á já láti ìdí dé orí. Kò bá a wí. Ó kàn lọ mú òmíràn, ó bù ú, dúdú náà ni.

Kíkẹ́lọmọ ti ṣe fídíò mìíràn tó fi tọrọ àforíjì. Èèyàn tó wo ti àkọ́kọ́ lé ní ọgọ́rùn-ún. Èèyàn mẹ́sàn-án ló wo èyí. Ìgbà yẹn ló yé e pé ẹsẹ̀ òtítọ́ ò yá tó ti irọ́, ẹni tó bá fẹ́ kó dé, àfi kó gbé e lọ fúnra rẹ̀.

Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìlòrò lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Bàbá Adérìnsọ́lá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ka ìwé ìròyìn. Kíkẹ́lọmọ kúnlẹ̀, ó sì ro gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀, òkè Ẹ̀fọ̀n, fóònù Stephen, pulọ́ọ̀gì tó gùn, gbogbo rẹ̀. Kò fi ara rẹ̀ pamọ́ níbì kankan.

Bàbá náà yọ awò ojú rẹ̀. "Ìwọ lo wà nínú fídíò yẹn?"

"Èmi ni, sà."

"O ní olè ni. O sọ ọ́ pẹ̀lú ìgboyà, o na ìka. Mo gbà ọ́ gbọ́." Ó wò ó tìfura-tìfura. "Lónìí o wá ní kì í ṣe olè. Ta ló rán ọ? Òun ni? Ẹnu kan náà ló sọ méjèèjì, ọmọ mi. Èwo ni kí n gbà?"

Kò sí ẹni tó wo Kíkẹ́lọmọ bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ojú tó fi wo Ẹ̀yínadé ní Sátidé gan-an ni, òun ni wọ́n ń fi wò báyìí, ó sì rí bó ṣe ń ta èèyàn lára.

"Ẹ má gba èyíkéyìí, sà," ó ní jẹ́jẹ́. "Ẹ lọ bá a fúnra yín. Ẹ bi í léèrè. Ohun tí èmi ò ṣe nìyẹn."

Bàbá náà fi awò padà sójú, ó ń wò ó títí ọmọbìnrin náà fi jáde ní gẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ní fóònù lọ́wọ́ àti ẹnu tó mú, ẹ gbọ́ o. Ìfura loògùn àgbà, ẹnikẹ́ni ò ní kí ẹ má fura. Ẹ la ojú yín sílẹ̀ kedere. Ṣùgbọ́n kí ìfura tó di ẹ̀sùn, ẹ béèrè. Ẹ bi ẹni tẹ́ ẹ fura sí, ẹ bi ará ilé yín, ẹ bi ara yín pẹ̀lú. Ẹ̀sùn tí a kò wádìí, ẹlòmíràn la fi ń kàn, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí wọ́n gba àwa náà gbọ́ mọ́.